Ilé Kan Ṣoṣo Ló Gba Ohùn Wọn

Bàbá mi kì í fi orúkọ olórin to rẹ́kọ́ọ̀dù. Ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde ni wọ́n fi ń tò ó. Ní pálọ̀ wa ní Ìbàdàn, àwọn Decca wà lápá òsì rédíógíráàmù, àwọn Philips wà lápá ọ̀tún, àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọwọ́ àwa ọmọdé lè tó. Bí àlejò bá ní òun fẹ́ gbọ́ Ebenezer Obey, bàbá mi á nawọ́ sápá òsì, wọ́n á ní, "Ọmọ Decca ni. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò." Létí èmi ọmọdé, ńṣe ló dà bíi pé olórin ní agboolé gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe ní in. Kó ṣeré dé Kánò, kó ṣeré dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa júwe fún ẹni tó bá ń wá a.

Nígbà tí mo dàgbà tí etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí jáàsì, mo mú ìwà yẹn dání lọ. Kí n tó mọ ẹni tó ń fọn fèrè, mo ti yí àwo wò láti mọ ilé tó ti jáde. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé àwọn ará jáàsì kì í pẹ́ nílé kan. Miles Davis kúrò ní Prestige, ó lọ sí Columbia, Warner ló parí rẹ̀ sí. John Coltrane gba Prestige, ó gba Atlantic, Impulse ló wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Freddie Hubbard gba Blue Note, Atlantic, CTI, Columbia àti ibòmíràn. Nígbà míì owó ló ń gbé wọn kiri, nígbà míì ìjà ló ń lé wọn jáde, ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé ilé ọ̀hún gan-an ló wó mọ́ wọn lórí. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí olórin tí gbogbo àwo tó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe ti inú ilé kan ṣoṣo jáde, ẹsẹ̀ mi máa ń dúró. Kí ló dá a dúró síbẹ̀? Ṣé ó fẹ́ràn ibẹ̀ ni, àbí ibẹ̀ ló há sí?

Tina Brooks ló dá ìbéèrè yẹn sílẹ̀ lọ́kàn mi. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀, ní Ìbàfò, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá wa dúró fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ. Mo ti ń gbọ́ orin kan bọ̀ lórí fóònù, ni fóònù bá fúnra rẹ̀ bọ́ sórí òmíràn. Fèrè saxophone kan wọlé. Kò pariwo. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa já òun lẹ́nu, gbólóhùn gígùn, ohùn tó rọ̀, tí ìbànújẹ́ díẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bíi gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ inú ògì. Ẹni tó jókòó tì mí ń bú awakọ̀, àwọn ọmọ tó ń ta gàlà ń kan fèrèsé. Mo ti gbọ́ orin náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ọkọ̀ wa tó rìn.

Bí mo ṣe délé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo rẹ̀ yòókù.

Ọkùnrin ni Tina o. Harold Floyd Brooks ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1932 ní Fayetteville, ní North Carolina, New York ló sì ti di olórin. Ara rẹ̀ kéré nígbà tó wà lọ́mọdé, ni wọ́n bá ń pè é ní Teeny, bí ìgbà tá a bá pe ọmọ ní Tín-ín-rín. Ẹnu àwọn èèyàn ló sọ ọ́ di Tina. Blue Note nìkan ni ilé tó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣàwo fún.

Ẹni tó bá mọ jáàsì mọ̀ pé Blue Note kì í ṣe ilé yẹpẹrẹ. Alfred Lion, Júù ọmọ Berlin, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní New York ní 1939. Francis Wolff, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, sá kúrò lábẹ́ ìjọba Hitler, ó wá bá a níbẹ̀. Lion ló ń jókòó ti àwọn olórin, Wolff ló ń ya fọ́tò wọn bí òógùn ṣe ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n máa ń sanwó fún rìhásà. Mo fẹ́ kí ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí pé ẹni tó bá ti bá báńdì ṣe rí nílẹ̀ wa mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni rìhásà, àpò ara ẹni lèèyàn sì fi ń wọkọ̀ débẹ̀. Àwọn yìí sanwó fún ọjọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ orin, kí wọ́n tó wá sanwó fún ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọjá odò lọ bá Rudy Van Gelder ní Hackensack, ní New Jersey. Iṣẹ́ Van Gelder ni kó máa yẹ ojú wò fún àwọn tó fẹ́ lo awò, pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ló sì sọ di sitúdíò, kó tó kọ́ tirẹ̀ sí Englewood Cliffs ní 1959. Ìró tó ń jáde nínú àwọn yàrá yẹn, títí dòní, mo lè fi etí nìkan dá a mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pe Tina Brooks wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá báńdì. Ti àkọ́kọ́ wáyé ní oṣù kẹta 1958, Lee Morgan wà lórí trumpet, Sonny Clark wà nídìí dùùrù, Art Blakey wà nídìí ìlù. Ẹ wo irú àwọn èèyàn tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́! Èkejì jẹ́ ní oṣù kẹfà 1960, ẹ̀kẹta ní ìgbẹ̀yìn ọdún yẹn kan náà, ẹ̀kẹrin ní oṣù kẹta 1961. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ṣoṣo ló jáde lójú ayé rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní True Blue. Èyí tó tẹ̀ lé e, Back to the Tracks, wọ́n tiẹ̀ ti fún un ní nọ́ńbà, 4052. Kò jáde.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ọjọ́ mẹ́fà kan. Ní 19 oṣù kẹfà 1960, Freddie Hubbard, ọmọ ọdún 22, ṣe àwo àkọ́kọ́ tirẹ̀, Open Sesame, fún Blue Note kan náà. Tina Brooks ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fọn fèrè. Tina ló kọ orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ, ó sì tún kọ òmíràn lé e. Ní 25 oṣù náà, Hubbard wá san án padà: òun ló fọn trumpet lórí True Blue. Àwọn tó mọ ìtàn náà máa ń sọ pé ìgbà kan náà ni àwo méjèèjì wọ ọjà, gbogbo ojú wá kọ sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fọn trumpet. Hubbard bọ́ sójú ayé. Tina padà sílé lọ dúró de ìpè.

Lẹ́yìn 1961, kò gba orin kankan sílẹ̀ mọ́. Oògùn olóró ti wọ̀ ọ́ lára, àìsàn tẹ̀ lé e. Ó kú ní oṣù kẹjọ 1974, ọmọ ọdún 42. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Michael Cuscuna, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá olórin ṣàwo, wọ àká Blue Note, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú téèpù tí wọ́n ti tì mọ́ ibẹ̀. Ní 1985, ilé-iṣẹ́ kékeré tí òun àti Charlie Lourie dá sílẹ̀, Mosaic, kó gbogbo ìjókòó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Tina Brooks sínú páálí kan ṣoṣo. Ọdún 11 ti kọjá lẹ́yìn tó kú.

Nígbà kan tí mo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan tó ń kó àwo jọ jẹ́ kí n fọwọ́ kan True Blue ti àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí Tina ṣì wà láàyè. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ mi, kí n sì nù ún gbẹ. Àárín àwo náà jẹ́ búlúù àti funfun, àdírẹ́sì kékeré wà lára rẹ̀: 47 West 63rd, NYC. Ó gbé e síwájú iná, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó fi ibi tí ilà orin ti parí hàn mí, ibi dúdú tó dán, tí abẹ́rẹ́ kàn ń yí lórí rẹ̀ lásán. RVG wà níbẹ̀, àmì Van Gelder. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àmì kan tó rí bí etí èèyàn. Plastylite, ilé tó ń bá Blue Note tẹ àwo, ló ni àmì náà. Lẹ́tà P ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n etí ni gbogbo àwọn tó ń kó àwo jọ ń pè é. Mo wo etí yẹn títí tí ẹni tó ni àwo fi bi mí pé ṣé kò sí nǹkan.

N ò lè bínú sí Alfred Lion tán, n ò sì lè dárí jì í tán. Ẹni tó pè ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, tó sanwó rìhásà fún ọ, tó kó àwọn tó mọ iṣẹ́ jù tì ọ́, kò kórìíra rẹ. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, kò ní sí ohun tí Cuscuna máa bá nínú àká. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gba ohùn èèyàn sílẹ̀ kí wọ́n sì gbé e pamọ́, ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdajì yẹn ló lè pa olórin. Bí wọn ò bá gbà á rárá, á mọ̀ pé òun ò tíì sọ̀rọ̀, á wá ibòmíràn lọ. Bí wọ́n bá ti gbà á, ńṣe ni yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Mo mọ ẹni tó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Gìtá ni ẹ̀gbọ́n mi ń ta fún báńdì jùjú kan. Nígbà tí ọ̀gá wọn kú, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, èèyàn méje. Ó kù díẹ̀ kí 2000 wọlé ni máàkẹ́tà kan gbọ́ wọn níbi ìnáwó, ó ní kí wọ́n wá sí Èkó. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí sọ pé wọn ò gbọdọ̀ ṣe fún ẹlòmíràn fún ọdún márùn-ún. Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jáde, kò tà. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé ó jẹ́ tòun gan-an: ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò sùn, ìka wọn bó. Máàkẹ́tà gbé téèpù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní ọjà ò dá, kí wọ́n ní sùúrù. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lóṣooṣù. Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán, wọ́n wọ aṣọ tó dára, wọ́n pọ́n bàtà. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, mo rí téèpù náà lókè pẹpẹ, lábẹ́ páálí kásẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sára rẹ̀. Wọ́n ṣì í kọ.

Kí ọdún márùn-ún tó pé, báńdì ti túká. Ẹ̀gbọ́n mi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe báyìí ní Mókọ́lá. Ẹ bá mi wò ó: àwọn náà jẹ́ olórin tó ṣàwo fún ilé kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá ń to orúkọ irú àwọn olórin bẹ́ẹ̀ jọ, orúkọ wọn yẹ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé aṣọ tó dára ni wọ́n wọ̀ tí wọ́n fi ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa fura bí mo bá ka ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé olórin kan jẹ́ olóòótọ́ sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Olóòótọ́ ló ṣòro láti sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àkókò ni ò tó.

Ẹ wo ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí Bill Evans kó jọ, òun nídìí dùùrù, Scott LaFaro lórí béèsì, Paul Motian nídìí ìlù. Evans fúnra rẹ̀ gbé ilé púpọ̀ kó tó kú, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yẹn, Riverside nìkan ló mọ̀. Àwo mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní òpin 1959, èkejì ní oṣù kejì 1961. Méjì yòókù, ọjọ́ kan ṣoṣo ló bí wọn: ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù kẹfà 1961, ọdún kan géérégé lẹ́yìn True Blue, ní Village Vanguard, ilé orin tó wà ní abẹ́ ilẹ̀ ní New York. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ṣeré lọ́jọ́ náà, látọ̀sán títí di alẹ́. Ẹ bá mi fetí sí i dáadáa, ẹ ó gbọ́ bí ife ṣe ń kan ife, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn ń bá ọ̀rọ̀ ara wọn lọ. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Béèsì LaFaro kì í tẹ̀ lé dùùrù lẹ́yìn bí ọmọ ọ̀dọ̀, ó ń dá a lóhùn ni, bí ìyáàlù àti omele ṣe ń pera wọn. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà, ọkọ̀ pa á. Ọmọ ọdún 25 ni. Riverside fúnra rẹ̀ kò pẹ́: Bill Grauer, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá a sílẹ̀, kú ní 1963, ilé náà sì wó ní 1964.

Níbi báyìí, kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ikú ló fa ilà.

(Ẹgbẹ́ Miles Davis tí Wayne Shorter, Herbie Hancock, Ron Carter àti Tony Williams wà nínú rẹ̀ náà, Columbia nìkan ló ni ín. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn kan náà, Shorter, Hancock àti Williams ń fi orúkọ ara wọn ṣàwo ní Blue Note. Ó ń wù mí kí n mọ bó ṣe máa ń rí lára wọn, ọmọ ilé ibí lónìí, ọmọ ilé ọ̀hún lọ́la.)

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè tọ́ka sí láìṣiyèméjì pé ó dúró nílé kan, tí ilé náà sì dúró tì í. Jámánì ni. Eberhard Weber, ará Stuttgart, ń ta béèsì oníná tó ń dúró lóòró bí igi, tí ohùn rẹ̀ gùn bí ẹni tó ń kọrin pẹ̀lú ẹnu pípadé. Manfred Eicher dá ECM sílẹ̀ ní Munich ní 1969. Nígbà tó fi máa di 1974, àwo àkọ́kọ́ tí Weber ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti jáde níbẹ̀, kò sì tún wá ibòmíràn lọ láti ìgbà náà. Ní 2007, ó wà ní Berlin láti ṣeré pẹ̀lú Jan Garbarek tó ń fọn saxophone, ni àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọ lù ú. Ọwọ́ òsì ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ẹ mọ ohun tí ọwọ́ òsì jẹ́ fún ẹni tó ń ta béèsì.

Ibi tí mo fẹ́ràn nìyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tó fi bá Garbarek rìn ìrìn-àjò, wọ́n máa ń fún un láyè kó dá ta béèsì rẹ̀ láàárín eré, wọ́n sì ti ń gbà á sílẹ̀. Téèpù wà. Weber jókòó tì wọ́n, ó yan èyí tó wù ú nínú ohùn ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, ó gé e, ó tò ó, ó fi orin tuntun yí i ká, Garbarek wá fọn fèrè lé e. ECM gbé e jáde ní 2012, ó tún ṣe irú rẹ̀ kan sí i tó jáde ní 2015. Ọwọ́ ti kú, ilé ti bá a tọ́jú ohun tí ọwọ́ ṣe. Bí mo bá gbọ́ Résumé, ìyẹn àwo 2012 náà, mo máa ń ronú nípa Tina Brooks: téèpù kan náà ni, pẹpẹ kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ò ju pé ẹnì kan rántí lọ wò ó nígbà tí ẹni tó ni ohùn ṣì wà láàyè.

Ọmọ wa kan wà ní Blue Note, mi ò sì ní ṣàì dárúkọ rẹ̀. Solomon Gbadegesin Ilori, onílù, ọmọ Yorùbá, dé Amẹ́ríkà ní 1958. Ó wà lára àwọn tí Art Blakey kó jọ ní 1962 fún àwo tó pè ní The African Beat. Ní oṣù kẹrin 1963, Lion pe òun fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. African High Life ni wọ́n pe àwo náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí orúkọ àwọn orin inú rẹ̀, mo pariwo nínú ilé: "Ise Oluwa", "Aiye Le", "Jojolo". Èdè bàbá mi lórí àwo Blue Note, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Orin tí ìyá mi máa ń kọ bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà ni "Iṣẹ́ Olúwa". Pé ó gba inú yàrá Van Gelder kọjá, tí ó gba abẹ́ etí Plastylite yẹn kọjá, ó ṣe mí bíi kí n lọ sọ fún ìyá mi. Mo sì lọ sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé e sí i. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Wọ́n yára díẹ̀ jù."

Ní oṣù kẹwàá 1964, Ilori padà sínú yàrá yẹn ní Englewood Cliffs. Lọ́tẹ̀ yìí, Donald Byrd wà lórí trumpet, Hubert Laws wà lórí fèrè, Elvin Jones wà nídìí ìlù. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Elvin Jones kan náà jókòó sínú yàrá kan náà pẹ̀lú Coltrane, tí wọ́n ṣe A Love Supreme, tí gbogbo ayé mọ̀. Èyí tó bá Ilori ṣe, "Gbogbo Omo Ibile" wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ. Ayé CD ló tó bọ́ sójú, nígbà tí wọ́n tún African High Life tẹ̀, tí wọ́n fi í kún un. Bí mo ṣe mọ ìyẹn, mo rí i pé ìtàn Tina Brooks ò jìnnà sí wa rárá. Gbogbo ọmọ ìbílẹ̀, tòótọ́.

Lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi. A jẹun tán, mo gbé Back to the Tracks sí i. Mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbọ́ orin méjì pẹ̀lú ojú dídì, wọ́n ń fi ìka gbá orúnkún, kí wọ́n tó bi mí pé ta nìyí. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Ọdún wo ni wọ́n gbà á sílẹ̀?"

"1960, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọdún wo ló kú?"

"1974."

"Kò wá gbọ́ ọ kó tó kú?"

"Yóò ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Kò rí i lọ́jà."

Wọ́n dákẹ́. "Ta ló wá wá téèpù náà rí? Ọmọ rẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ẹni tó fẹ́ràn orin ni."

Wọ́n tún dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Téèpù, ṣé ooru kì í bà á jẹ́?"

Nǹkan méjì wá sọ́kàn mi. Hasaan Ibn Ali, atẹdùùrù ará Philadelphia, Atlantic nìkan ló ṣàwo fún láyé rẹ̀. Àwo kan jáde ní 1965, pẹ̀lú Max Roach onílù. Ó ṣe òmíràn lọ́dún náà, wọ́n tì í mọ́ àká. Ní 1978, iná jó àká Atlantic ní Long Branch, téèpù náà jóná. Hasaan kú ní 1980. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti dà á kọ níbì kan, wọ́n sì rí ẹ̀dà yẹn, ó jáde ní 2021. Mo ro èyí tí mo máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nínú méjèèjì. Mo sọ ti ẹ̀dà. Mi ò dárúkọ iná.

Wọ́n ní máàkẹ́tà yẹn ti kú, ọmọ rẹ̀ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, fóònù ló ń tà. Wọ́n ní bóyá a lè lọ béèrè ní Sátidé. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní bébà kí wọ́n kọ orúkọ àwọn orin náà sílẹ̀, kí ọmọkùnrin yẹn lè mọ ohun tá a ń wá. Mẹ́fà ni wọ́n. Wọ́n kọ márùn-ún láìdánudúró, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Ẹ̀kẹfà, orúkọ rẹ̀ ti lọ. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n nawọ́ mú gìtá mi tó fara ti ògiri, tí okùn kan ti já lára rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá orin náà lórí okùn márùn-ún tó kù.

Mo pa Tina Brooks. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù mi, mo gbé e sórí tábìlì níwájú wọn.